Ojú Ìwé Ìdílé: Kí Àkọ́bí Tó Dé, Ṣé Kí A Kọjá Odò Ọ̀pàrà?

Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń gbé ojú ìwé yìí fún ọmọ kí ó kà á sí yín létí, mo sì kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ máa ń dọ́gbọ́n kà á nígbà tí ìwàásù bá gùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn Mísà kejì, tọkọtaya kan dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó kí Fadá tó so wọ́n pọ̀, kò sì tíì pé ọdún kan. Iṣẹ́ ọkọ ni lílẹ karó sí ilẹ̀ ilé. Aránṣọ ni ìyàwó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ọkọ ní, “Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Èkó ní kí a máa bọ̀. Ó ní àwọn tó ń kọ́ ilé níbẹ̀ kò lóǹkà. Èmi fẹ́ kí a lọ kí ọmọ tó dé, nítorí àwa méjì péré kò lẹ́rù.”

Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Olùkọ́, n kò sọ pé n kò lọ o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi wẹ ọmọ ní Èkó?”

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìyá ọkọ ti ń ka oṣù láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì ti wò ikùn ìyàwó yìí títí ojú fi ń tì í láti kọjá níwájú ilé. Èyí náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Mo dá wọn lóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé mo rò ó pé wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Ilé wo ló wà ní Ṣábẹ tí kò ní ẹnì kan ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ṣakí tàbí ní Abẹ́òkúta? Nítorí náà ni mo ṣe mú un wá sí ojú ìwé yìí.

Àwa ará Ṣábẹ kì í ka Nàìjíríà sí òkèèrè, a sì jàre. Ní ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó tí wọ́n fa ìlà, tí Ṣábẹ bọ́ sí ọwọ́ àwọn kan, tí Ṣakí bọ́ sí ọwọ́ àwọn kejì. Wọn kò bi àwọn àgbà wa léèrè. Èdè wa kò torí rẹ̀ yí padà, àwọn èèyàn wa kò sì dẹ́kun àtimáa fẹ́ ara wọn. Àgbàlagbà lè máa fo ìlà náà bí ẹni tí ń fo gọ́tà, kí ó lọ lówùúrọ̀ kí ó sì bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọwọ́ ni ìlà yìí máa ń mú lẹ́sẹ̀, nítorí pé ìwé orúkọ rẹ̀ ní láti wà ní ìhà kan, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ní láti jẹ́ ti Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Èkó ni a gbé bí mi, ní 1979. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà níbẹ̀ nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ ní Nàìjíríà, tí náírà kan sì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Òun àti ìyá mi ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò yìí ti ń fẹ́. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni àwọn yóò lò. Ọdún kẹwàá ni wọ́n wà nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n àwọn ará ilẹ̀ wa, ará Tógò, Níjẹ̀r àti Cháàdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá mi kò ní ìwé kankan. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ́ àjèjì, nítorí Yorùbá ni òun àti onílé rẹ̀ ń sọ.

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, ohun tí mo rántí kò ju mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n so mọ́ orí ọkọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó jìyà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní kíláàsì kẹta, ó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì geere. Nígbà tí a dé ilé, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú un lọ gbé e sí kíláàsì àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí pé kò gbọ́ Faransé. Wọ́n ń pè é ní “ìyá kíláàsì”. Ó fara dà á fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò máa bá ìyá wa ta gàrí. Ó ń tà á títí di òní. Bí ẹ bá rà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ṣírò owó yín lórí kí ẹ tó ṣí àpamọ́wọ́. N kì í wò ó kí inú mi má bàjẹ́ díẹ̀.

Tèmi jẹ́ ti ìwé. Nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́mínárì kékeré, wọ́n béèrè ìwé ìbí. Kò sí. Wọn kò kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní Èkó, wọn kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ṣábẹ. Ìwé kan ṣoṣo tí ó sọ pé wọ́n bí mi ni ìwé ìrìbọmi, èyí tí ìyá mi fi ọ̀rá wé tó fi sábẹ́ àpótí. Ìwé yẹn ni bàbá mi gbé lọ síwájú adájọ́, oṣù mẹ́jọ ni ó sì fi ń lọ tí ó ń bọ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìdájọ́ tí ó dípò ìwé ìbí. Gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, n kò jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kankan lójú ìwé.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò fi ibi tí a bí ọmọ sí nìkan sọ ọ́ di ọmọ Nàìjíríà. Ó fẹ́ kí òbí rẹ̀ kan, tàbí òbí àgbà kan, jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ̀yin méjì ará Ṣábẹ bá bí ní Èkó, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ kọ́ńsúlà wa, ta ni yóò mọ̀? Lóòótọ́, láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí i pé ará ọ̀kan lè wọ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àwọn kan gbọ́ apá yìí, wọn kò gbọ́ pé lẹ́yìn 90 ọjọ́ a gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n lé bàbá mi.

Ẹnubodè pẹ̀lú kì í wà ní ṣíṣí ní gbogbo ìgbà. Nàìjíríà tì í láti 1984 títí di 1986, ó tún tì í láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Ìyá tí ó ti pinnu pé òun yóò lọ wẹ ọmọ ọmọ òun ní Èkó ní ìgbà náà, ọ̀nà inú igbó ni ó bá lọ, tàbí kí ó jókòó sílé kí ó máa gbọ́ ẹkún ọmọ lórí tẹlifóònù.

Ní ti owó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bí 460 náírà ni báńkì ń gbà fún dọ́là kan. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Séfà wa so mọ́ owó Yúróòpù, kò bá náírà lọ. Ẹni tí ó ti ń kó náírà pa mọ́ láti fi kọ́ ilé sí Ṣábẹ, ẹ bi í léèrè ibi tí bíríkì rẹ̀ dé. (Kí a má sì ṣe yangàn: ní oṣù kìíní 1994, séfà tiwa náà fi ìdajì iye rẹ̀ sílẹ̀ ní òru ọjọ́ kan.) Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, fi séfà ṣírò owó tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ ń dá fún ọ, kí o sì yọ owó ilé kúrò níbẹ̀ kí inú rẹ tó dùn.

Ǹjẹ́ mo sọ pé kí wọ́n má lọ? Rárá o. Ọmọ ọdún 75 ni Ábráhámù nígbà tí ó jáde kúrò ní Háránì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọn kò sì tíì bímọ. Iṣẹ́ karó kò pọ̀ ní Ṣábẹ, òótọ́ ni. Ohun tí n kò fẹ́ gbọ́ ni ti ọkọ tí yóò nìkan lọ, tí yóò ní òun máa ránṣẹ́ pe ìyàwó. Mo ti jókòó pẹ̀lú ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n dúró de ìránṣẹ́ yẹn. Ní ọdún kìíní owó ń wọlé déédéé, ní ọdún kejì tẹlifóònù dín kù, ní ọdún kẹta ẹnì kan dé láti Èkó ó ní òun rí ọkọ yín pẹ̀lú ọmọ kan léjìká. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ jọ lọ.

Àwọn mìíràn sọ pé kí wọ́n bímọ ná, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà, kí àwọn sì lọ. Ìyá àgbà tọ́mọ dáadáa, n kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ ọdún méje tí ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀ nígbà tí ìyá tí ó bí i dé fún ọdún Kérésì. Ìyá náà ra bàtà wá fún un. Bàtà náà kéré.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, mo fara mọ́ ti ọkọ jù, pé kí àwọn méjèèjì jọ lọ kí ọmọ tó dé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyàwó ni kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ibo ni wọn yóò ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Èdè wo ni yóò fi kàwé? Kí wọ́n dá ọdún kan fún ara wọn láti wo ìlú náà, kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú. Bí oyún bá dé, kí ìyàwó padà wálé bímọ ní Ṣábẹ ní ọwọ́ ìyá rẹ̀, kí bàbá sì dé mẹ́rì fún ìwé ìbí kí àwọn tó jọ padà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ààlà. Kí ọmọ náà tó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n ti pinnu ìhà tí wọn yóò dúró sí, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi parí ìwé mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí káàkiri, ẹ ṣe é kí ó tó pé ọdún márùn-ún.

Ní ti dídúró fún ọdún kan kí wọ́n tó bímọ, àwọn kan nínú yín yóò máa wò mí. Ìjọ kò sọ pé ọ̀ràn ni. Nínú ìwé tí Póòpù Paulu kẹfà kọ ní 1968, ó gbà pé tọkọtaya tí ó ní ìdí pàtàkì lè fi àkókò sílẹ̀, nípa mímọ àwọn ọjọ́ tí obìnrin kì í lóyún. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé kí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé kọjá níwájú yín láìwo ikùn rẹ̀.

Ṣé Èkó nìkan ni ibi iṣẹ́? Mo bi ọkọ léèrè Kútọnu àti Pàrákú. Òfin kan náà, owó kan náà, kíláàsì kan náà láti CI dé CM2, ìyá ìyàwó sì lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí ó dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdí gidi ni, n kò rẹ́rìn-ín rẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ẹnìkan ní Kútọnu lè pẹ́ kí ó tó rí ilẹ̀ tí yóò lẹ karó sí.

Wọ́n tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò tíì pinnu. Ọkọ ti tẹ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ láago láti béèrè bóyá yàrá kan ni ó ní tàbí méjì, ẹ̀gbọ́n náà sì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyàwó ti lọ sí mẹ́rì láti gba ẹ̀dà ìwé ìbí àwọn méjèèjì. Ó fi wọ́n hàn mí, ó ti fi ọ̀rá wé wọn. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ òun ní ẹnubodè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kan.