Ajá Arúgbó Kì í Ṣe Ẹbọ

Aládùúgbò mi kan ní Ọjọ́ta bi mí léèrè bóyá òun lè fi ajá òun bọ Ògún. Tanímọ̀la ni wọ́n ń pe ajá náà. Ó ti ṣọ́ ilé fún ọdún 13. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e mọ́. Baba náà ní, "Ó kúkú máa kú náà ni. Ògún á sì gbà á."

Mo ní rárá. Ògún a máa jẹ ajá, a kò sì ní torí ojú ẹlẹ́sìn mìíràn sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tó dára lọ́wọ́ ẹni ni à ń fi bọ òrìṣà. Ohun tí a ti ń wá ọ̀nà láti kó dànù kò lè di ẹbọ.

Ti àwọn mìíràn tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a já ajá náà sílẹ̀ létí títì márosẹ̀ kí ọkọ̀ lè pa á, tàbí kí wọ́n dì í sínú àpò lọ sí ààtàn Olúsosùn. Àwa tí baba wa ń fi òwe sọ ajá lórúkọ!

Nígbà tí Alàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ẹranko jiyàn ọdún 344 tí ààfin kà fún un. Ìyẹn kò kàn mí. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ dópin, wọ́n sì kéde ikú rẹ̀ bí ikú àgbà.

Ẹ pe dókítà ẹran. Bí ìrora náà bá ṣeé dín kù, ẹ dín in kù. Bí kò bá ṣeé ṣe, abẹ́rẹ́ wà tí yóò mú un sùn, tí èémí rẹ̀ yóò sì dúró lójú oorun. Àwọn kan ní a kò láṣẹ lórí ẹ̀mí. Ṣé ọwọ́ tó ń pa òbúkọ lọ́dọọdún ló wá ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ lè dá obì, ṣùgbọ́n kí ó má fi Ifá bojú, kí ó máa sún ọjọ́ síwájú nígbà tí ajá ń kérora.

Dókítà dé ní ọjọ́ Sátidé. Baba náà gbé orí Tanímọ̀la lé itan títí ó fi parí. Kọnkéré ni gbogbo àgbàlá wọn. Igun kan ni wọ́n fọ́ kí wọ́n tó rí ilẹ̀ sin ín sí.