Ikú Ilé àti Irin Ojú Fèrèsé

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo mọ̀ pé ọ̀tá inú ilé ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ẹbí tó ń báni jẹun tó sì ń gbẹ́ kòtò síni lẹ́sẹ̀. Ẹ fún mi láyè kí n fà á gùn díẹ̀ lónìí, kí ó kọjá orí ènìyàn, kí ó dé orí irin, wáyà àti èéfín. Bí òwe bá já mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ fi jì mí. Ohun tí ojú mi rí ló kì mí láyà.

Sátidé tó kọjá ni ẹgbẹ́ àwa onílé ṣe ìpàdé ní àdúgbò wa lẹ́yìn Ìkòròdú. Odindi wákàtí méjì la fi sọ̀rọ̀ olè. Ẹnìkan ní kí a gbé fẹ́ǹsì gbogbo ilé ga sí i. Ẹlòmíràn ní fẹ́ǹsì nìkan kò tó, kí a fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún lé e lórí. Alága ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dáwó kí a lè gba ọlọ́dẹ kejì, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà náà ni bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè, ó ní: “Bí iná bá ń jó ilé lóru, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì òpópónà wà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní, “Bàbá, ẹ má fi ẹnu yín pè é. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí i.” A ṣe àmín, a tú ká. Èmi náà ṣe àmín, ìtìjú rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi, nítorí pé a ti rí i. Inú ọyẹ́ tó kọjá yìí la rí i.

N kò sọ pé olè kò sí. Olè wà, ó ń já wọlé, ó sì ń pani. Ẹni tí wọ́n ti já wọ ilé rẹ̀ rí lè má fẹ́ gbọ́ àròyé mi, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ́lé báyìí. Kí a tó rẹ́ ògiri tán, wẹ́dà ti dé. Yóò jó irin mọ́ gbogbo fèrèsé, títí kan ti ilé ìwẹ̀ tí ológbò pàápàá kò lè gbà kọjá láìfún ara rẹ̀. Yóò gbé ilẹ̀kùn onírin sí iwájú, òmíràn sí ẹ̀yìn, òmíràn sí àárín kọ́ridọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó fi àgádágodo ti gbogbo wọn, a ó wá ní a sùn lálàáfíà.

Bí ilé tó tẹ̀lé tiwa ṣe rí gan-an nìyẹn. Lóru ọjọ́ tí iná jó o nínú ọyẹ́ náà, bàbá ilé wà níbi iṣẹ́. Ìyá àti ọmọ mẹ́ta ló wà nílé. Wáyà oní-1.5 tí a fi ń tan gílóòbù ni oníṣẹ́ iná fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí ó gba 2.5, wọ́n sì to fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti kẹ́tùlù oníná mọ́ ọn lórí. Wáyà gbóná títí ó fi gbiná nínú àjà. Kí a tó jí, pálọ̀ ti di ààrò, orí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà. Ìyá kó àwọn ọmọ sí ojú fèrèsé yàrá. Mo di ọwọ́ àbíkẹ́yìn wọn mú láàárín irin méjì. Ọwọ́ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, èjìká rẹ̀ kò gbà á. Ó ń sọ pé, “Ẹ fà mí, Dádì Tóbi.” Mo ń fà á.

A fi òòlù lu irin náà, kò mira. A ki dígà bọ̀ ọ́, kò tẹ̀. Ẹnìkan ló ké pé kí a fi irin sílẹ̀, kí a kọjú sí ògiri. Búlọ́ọ̀kù náà rún wómúwómú, nítorí pé yanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, sìmẹ́ńtì kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ọwọ́ ìyá jó, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wọn kò lọ. Olè tó mọ búlọ́ọ̀kù ló gbà wọ́n là. Ká ní olóòótọ́ ló mọ ọ́n ni, òkú mẹ́rin là bá sin. Àwọn panápaná ńkọ́? Ẹnìkan ti pe 767. Ọkọ̀ wọn dé géètì òpópónà wa, ó dúró síbẹ̀, ó ń fọn fèrè. Ọlọ́dẹ ti ti géètì nítorí olè, ó sì ti lọ sùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún ilé náà ṣe, wẹ́dà sì padà dé. Irin kan náà ni! Ó tilẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí sì rèé, ojúlówó ni. Mo bi bàbá ilé pé ṣé kò ní fi híǹjì sí ẹyọ kan kí ó ṣeé ṣí láti inú. Ó ní wẹ́dà fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lé owó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹni tó ra àga pálọ̀ tuntun, tó kun fẹ́ǹsì, tó gbé ère kìnnìún méjì sí orí òpó géètì, kò rí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ra ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ yóò gbà sá. Kìnnìún oní-sìmẹ́ńtì! Ta ni kìnnìún náà fẹ́ gé jẹ? Inú bí mi débi pé mo rìn yíká òpópónà wa, mo kà á. Ilé mẹ́tàlélógún ni wá. Kìnnìún tàbí ẹyẹ idì wà lórí géètì mẹ́jọ. Fèrèsé tó ṣeé ṣí láti inú, méjì péré ni mo rí, ìpẹtà ló sì jẹ irin ọ̀kan nínú wọn tó fi bọ́ fúnra rẹ̀.

Ìbẹ̀rù olè yìí kan náà ló gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé. Ẹ mọ èyí kékeré tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour. Kí wọ́n má baà jí i, àwọn kan á gbé e sí kọ́ridọ̀, wọ́n á fi ṣéènì dè é, wọ́n á tàn án, wọ́n á sùn. Èéfín rẹ̀ tó ń pani kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó ń gbé wa ró, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ̀ pé òun ń kú lọ. Aládùúgbò tí a fẹ́ ta yọ náà ni yóò já ilẹ̀kùn láàárọ̀. Sílíńdà gáàsì ńkọ́? Òun náà kò gbọdọ̀ gbé òde, kí olè má gbé e lọ, ló bá di ará ilé nínú kíṣìnì tí a sé pa. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ sí, á dúró síbẹ̀ bí omi títí ẹnìkan yóò fi ṣá ìṣáná. Ìfófòó ọṣẹ tí a bá fi pa ọrùn sílíńdà tó láti fi ibi tó ti ń jò hàn, ṣùgbọ́n ta ló ń fi pa á? Ikú òde dúró sẹ́yìn fẹ́ǹsì, kò ráyè wọlé. Tilé ti jókòó sí kíṣìnì.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó ń wá ikú ilé kiri wà: wolé-wolé ń wọlé lóòótọ́. Ó ń yọjú sínú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn ìyá sì ń sá fún un. Láyé ìjọba ológun, wọ́n ní kí gbogbo wa máa tún àyíká ṣe ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí ẹnikẹ́ni má jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀. Lọ́dún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí i, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kò bófin mu láti sé aráàlú mọ́lé. Wákàtí mẹ́ta péré lóṣù nìyẹn, a sì gbé e délé ẹjọ́. Lálaalẹ́ ni àwa ń sé ara wa mọ́lé, a sì ń sanwó fún ẹni tó ń bá wa ṣe é.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò ní kí ẹ yọ irin. Ẹ fi híǹjì sí ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, tí ọwọ́ ẹni tó wà lóde kò lè tó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ wo wáyà yín. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síta, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Lálẹ́ òní, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn bí ẹ ti máa ń tì í, ẹ pa iná, kí ẹ ní kí ọmọ yín tó lè di kọ́kọ́rọ́ mú ṣílẹ̀kùn jáde. Ẹ wo aago.

Ní tiwa, ọlọ́dẹ kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fún un ní tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti àgádágodo tuntun fún géètì. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá àgádágodo náà wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lápò rẹ̀.