Bọ́gà, Búrẹ́dì àti Àkàrà: Ìdájọ́ Oúnjẹ ní Old Garage

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn kan. Wọn yóò ní, kí ni ẹgbẹ́ tí ó dìde láti gbé èdè àti àṣà Yorùbá ró ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bọ́gà? Èsì wa ni pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn láti jẹ ni yóò fi bọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ahọ́n ọmọ wa bá sì gbàgbé adùn kan, kò ní pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ yóò fi gbàgbé orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Gbogbo ẹni tí ó mọ Òṣogbo ni ó mọ Old Garage. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ibùdókọ̀ ni ní ìgbà kan rí. Ọgbà Òmìnira tí a fi orúkọ Nelson Mandela pè wà níbẹ̀ lónìí, ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò sì jìnnà sí i. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907 ni èrò ti ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ ní ìlú yìí, ibi tí èrò bá sì pọ̀ sí ni alákàrà ń gbé agbada rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ní báyìí, àwọn ilé oúnjẹ tí ń ta bọ́gà ti wà láàárín ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa lọ láti ọ̀kan dé èkejì, wọn a jẹ, wọn a ya àwòrán ohun tí wọ́n jẹ, wọn a sì ṣe ìdájọ́ lórí rẹ̀ fún aráyé: ẹran ti ibí yìí gbẹ jù, búrẹ́dì ti ọ̀hún le, ti ibòmíràn ni ó tọ́ sí owó ẹni.

A kò bá wọn wí. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni kí ènìyàn yẹ nǹkan wò kí ó tó yìn ín, Ìwé Mímọ́ pàápàá kò sì fẹ́ kí a gba ohunkóhun láìdán an wò. Ohun tí ó ká wa lára ni pé òṣùwọ̀n yìí kì í kan àkàrà. Ẹni tí ó lè jókòó fún wákàtí kan kí ó máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bọ́gà ilé oúnjẹ méjì, bí a bá bi í léèrè ìdí tí àkàrà ìyá kan fi dára ju ti èkejì lọ, yóò ní, "Ó ṣáà dùn." Ó parí. Ohun tí a kò bá lè sọ ohun tí ó mú un dára, a kò lè bèèrè pé kí a ṣe é dáradára.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí ti ẹni tí ń dá ẹjọ́ láìgbọ́ ti ẹnìkejì, àwọn kan nínú wa lọ sí agbègbè Old Garage. A jẹ bọ́gà ní ilé oúnjẹ mẹ́ta, a sì ra àkàrà àti búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá mẹ́ta. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí a kò lọ láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn ni yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. A dé oko náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti bọ́gà ṣáájú. Tábìlì mọ́ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí ń se oúnjẹ fi nǹkan bo irun wọn, tákàdá tí ó mọ́ ni wọ́n fi wé e fún wa, a sì kọ iye rẹ̀ sára ògiri, kò sí pé à ń nájà. Ní ibi méjì, ata àti iyọ̀ ṣe déédéé nínú ẹran náà, ewébẹ̀ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Ní ibi kẹta, búrẹ́dì ti di ti àná, ẹran sì tẹ́ lẹ́nu. Àléébù tí ó kan gbogbo wọn ni owó: iye tí a san fún ọ̀kan ṣoṣo tó ra àkàrà àti búrẹ́dì tí ènìyàn mẹ́rin yóò jẹ yó.

Ó wá kan àkàrà. Ti ìyá àkọ́kọ́ wú, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó hàn gbangba pé ó bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ kúrò dáadáa, pé kò bu omi jù nígbà tí ó ń lọ̀ ọ́, àti pé ó lù ú títí atẹ́gùn fi wọ inú rẹ̀ kí ó tó dà á sínú epo gbígbóná. Kò sí bọ́gà kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó súnmọ́ ọn ní adùn. Ti ìyá kejì pọ̀ lómi, ó sì mu epo títí epo fi ń kán sí wa lọ́wọ́. Ti ìyá kẹta dùn, ṣùgbọ́n epo inú agbada rẹ̀ ti dúdú, àwo rẹ̀ kò ní ìdérí, eruku ọkọ̀ sì ń bà lé e. Ìwé ìròyìn tí a ti kà tì ni ó fi wé e, tàdáwà ìwé náà sì lẹ̀ mọ́ àkàrà.

Nítorí náà ìdájọ́ wa kò ṣe ojúsàájú. Ní ti adùn, ní ti owó, àti ní ti oore tí ẹ̀wà ń ṣe fún ara, àkàrà tí a bá ṣe dáadáa borí. Ní ti ìmọ́tótó àti ètò, bọ́gà borí, kò sì yẹ kí a sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a bí ìmọ́tótó mọ́ bọ́gà. Orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Hamburg wá, ìlú kan ní ilẹ̀ Jámánì, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1906, Upton Sinclair tẹ ìwé kan jáde tí ó tú àṣírí ẹ̀gbin tí ó wà ní àwọn ilé ìpẹran ìlú Chicago, ẹ̀rù ẹran lílọ̀ sì ba ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Nígbà tí ilé oúnjẹ White Castle bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Wichita ní ọdún 1921, wọ́n kun ilé wọn ní funfun, àwọn òṣìṣẹ́ wọn wọ aṣọ tí ó mọ́, wọ́n sì ń se oúnjẹ lójú oníbàárà, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ohun tí a fi pamọ́. Ọ̀nà tí bọ́gà gbà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn nìyẹn. Alákàrà wa ti ń dín àkàrà lójú oníbàárà láti ayébáyé. Ohun tí ó kù fún un kò pọ̀: ìdérí, epo tuntun, omi ìfọwọ́, àti tákàdá funfun tàbí ewé.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, ṣé búrẹ́dì tí a fi ń jẹ àkàrà náà kì í ṣe àjòjì ni? Òtítọ́ ni. Ẹ̀kọ ni àwọn baba wa fi ń jẹ ẹ́. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1921 kan náà tí a ti mẹ́nu kàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì gbòòrò púpọ̀. Òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ti ń wá títí di òní. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó o wọlé láti ọdún 1987 títí di ọdún 1992, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n gógó.

Síbẹ̀, ta ni yóò sọ lónìí pé búrẹ́dì kì í ṣe ti wa? Ó di ti wa nígbà tí a fi àkàrà sí i nínú, tí a sì mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ohun àjòjì a máa di ti ẹni nígbà tí ẹni bá fi ohun tirẹ̀ kún un, tí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ẹ̀rín pe àkàrà inú búrẹ́dì ní bọ́gà wa. Àwa kò rí i bí ẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí àjòjì ti lè di ti ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni lè di àjòjì fún ẹni. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé àkàrà dé ibẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó jẹ́ àkàrà àti jẹ, ọ̀rọ̀ wa méjì tí ó so pọ̀ di ọ̀kan. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Wọn a là á, wọn a sì fi edé àti ata àti ọbẹ̀ sí àárín rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ẹran sí àárín bọ́gà. Ní ọdún 2005, Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bàhíà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà, ní ọdún kan náà tí UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti ọdún 2014 ń bọ̀ lọ́nà, àwọn aláṣẹ ìdíje náà, tí McDonald's oníbọ́gà wà lára àwọn onígbọ̀wọ́ wọn, ní òfin tí ì bá lé àwọn alákàrà jìnnà sí pápá Fonte Nova ní ìlú Salvador. Àwọn obìnrin náà kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ará ìlú gbè lẹ́yìn wọn, a sì fún wọn ní àyè láti ta àkàrà níbẹ̀. Ǹjẹ́ bí a bá lé alákàrà Old Garage kúrò ní ojú ọ̀nà ní ọ̀la, mélòó nínú wa ni yóò gbè lẹ́yìn rẹ̀?

A bi ìyá tí àkàrà rẹ̀ borí bóyá ọmọ rẹ̀ kan ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní kò sí, àti pé òun kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, nítorí wàhálà àti ẹ̀gàn tí ó wà nídìí rẹ̀. Owó àkàrà náà ni ó sì fi rán wọn lọ sí ilé ìwé gíga. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fi ojú tín-ín-rín wo alákàrà lónìí ni agbada ìyá tàbí ìyá àgbà wọn sọ di ènìyàn.

Nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa fi òṣùwọ̀n kan náà wọn àkàrà àti bọ́gà, kí ẹ sì fi èdè yín sọ ọ́. Èdè wa kò tòṣì: oúnjẹ a máa wú tàbí kí ó ki, a máa fúyẹ́ tàbí kí ó wúwo, a máa gbẹ tàbí kí ó mu epo, a máa ta lẹ́nu tàbí kí ó tẹ́, ẹ̀wà tí ó bá sì ti pẹ́ jù lẹ́yìn lílọ̀ a máa kan. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ bo àwo yín, ẹ pààrọ̀ epo yín, ẹ jẹ́ kí ìwé ìròyìn wà fún kíkà. Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú àti ti ọjà, ẹ má ṣe máa lé wọn káàkiri. Ẹ fún wọn ní ìbòòji àti omi, kí ẹ tó bèèrè owó ọjà lọ́wọ́ wọn.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà yóò gbọ́ nípa àkàrà Òṣù. Ìjọba kọ́ ni ó fún un ní orúkọ náà. Ẹnu àwọn èrò ni ó ti wá, àwọn tí wọ́n jẹ ẹ́, tí wọ́n mọ̀ ọ́n yàtọ̀, tí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí àwa náà kò bá fi ẹnu wa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa, àkàrà yóò tú sépo mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà náà ni àwọn ọmọ wa yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Bàhíà kí wọ́n tó mọ bí ti baba wọn ti ń dùn tó.