Ẹni Tí Ó Gun Ẹṣin, Ilẹ̀ Ni Ó Ń Bọ̀

Agbára àti òkìkí ni ohun méjì tí ó tètè ń mú orí ọmọ ènìyàn wú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò bí ọ̀kankan nínú wọn mọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ àyálò ni agbára. Ọjọ́ tí aláṣọ bá bèèrè rẹ̀, bíbọ́ ni a ó bọ́ ọ. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn sì ni òkìkí ń gbé. Ẹnu tí ó yin ènìyàn lónìí lè bú u lọ́la.

Ìtàn Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ṣe àríkọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ẹ̀yà Ngas láti agbègbè Plateau ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Wusasa lẹ́bàá Sáríà ni ó ti ń wàásù, níbẹ̀ ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kánò tàbí Jọ́s mọ bí irú ìgbé-ayé bẹ́ẹ̀ ti rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, Gowon di olórí ìjọba Nàìjíríà, ọmọ ọdún 31 péré. Òun ni ó pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ 12, òun ni ó sì darí ìjọba ní gbogbo ìgbà ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970.

Ṣùgbọ́n agbára kì í rọrùn láti gbé sílẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé ìjọba yóò padà sọ́wọ́ alágbádá ní 1976. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1974, ó ní àkókò náà kò ṣeé ṣe mọ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, nígbà tí ó wà ní ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní Kampala, àwọn ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba.

Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti fi ìbínú jẹ ara rẹ̀ run, Gowon gba Yunifásítì Warwick lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí odindi ọmọ-ogun ń kí tẹ́lẹ̀ wá ń gbé àwo oúnjẹ, ó ń tò lórí ìlà pẹ̀lú àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Ní 1976, ìjọba fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án. Ó sẹ́, síbẹ̀ wọ́n gba ipò ológun rẹ̀. Ọdún 1981 ni ìjọba Shehu Shagari tó dárí jì í. Nígbà tí ó di 1996, ó dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìgbàgbọ́ kì í ṣe àkàbà tí a fi ń gun orí àga. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti gbé ènìyàn dúró lọ́jọ́ tí àga bá yẹ̀. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ kìkì nítorí kí ó lè di alága, kí ni yóò dì mú nígbà tí àga bá lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀ gidigidi. Nítorí ipò olórí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a máa pín sí méjì, ará ilé kan náà a sì máa pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú onílẹ̀. Owó tí ó yẹ kí á fi sin òkú aláìní tàbí kí á fi rán ọmọ opó ní ilé-ìwé a di ti lọ́yà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pàápàá, ìjà ìjókòó iwájú kò tán.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi òpin sí sáà olórí rẹ̀, kí wọ́n sì pa á mọ́. Kí ẹni tí sáà rẹ̀ bá pé fi ìwé owó lélẹ̀ ní gbangba, kí ó sì padà wá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá fi ọ̀wọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin, àwọn ènìyàn a máa bá a di ìjánu mú. Ẹni tí ó bá kọ̀ tí kò sọ̀, ẹṣin fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e ṣánlẹ̀.