Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Ya Aago, Kì í Ṣe Fóònù Olówó Ńlá

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọ̀pọ̀ fọ́tò aago ọwọ́ tí àwa ọ̀dọ́ ń gbé sórí Wọ́sáàpù àti Facebook láti Ore níbí kò dáa, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn fóònù wa. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú, torí orin tí gbogbo wa ń kọ ni pé "fóònù mi ò gbé e." Irọ́ ni. Fóònù yín gbé e. Ìmọ́lẹ̀ lẹ ò tíì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé oríta ni. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Benin, ẹni tó ń bọ̀ láti Oǹdó tàbí Okitipupa, Ore ni ọ̀nà wọn ti pàdé. Ọkọ̀ á dúró, èrò á sọ̀ kalẹ̀ jẹun, ọlọ́jà á sì ká wọn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ta aago fún irú èrò bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò fọ́tò kankan. Oníbàárà á gbà á lọ́wọ́ yín, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á gbé e sétí bóyá ó ń dún, á fi èékánná ha gíláàsì rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá ná an. Àmọ́ lónìí, oníbàárà yín lè wà ní Ìkòròdú, ní Àkúrẹ́ tàbí ní London. Fọ́tò yín ni ojú rẹ̀, òun náà ni ọwọ́ rẹ̀. Bí fọ́tò bá ṣú, owó ò ní wọlé. Bí fọ́tò bá parọ́, owó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ orúkọ á bàjẹ́.

Ohun méjì tí mo fẹ́ jà fún nìyẹn: ẹ kọ́ ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó ra fóònù tuntun, ẹ má sì fi ẹ́díìtì nu àpá kúrò lára aago.

Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀

Ẹ gbé ìka kan síwájú imú yín, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Ṣé ẹ rí àwọn ìlà ara rẹ̀ dáadáa? Rárá. Ẹ wá máa gbé e jìnnà díẹ̀díẹ̀ títí á fi hàn kedere. Bí nǹkan ṣe lè sún mọ́ ojú wa jù tí a ò fi ní rí i dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ǹsì fóònù rí. Káḿẹ́rà ńlá ara ọ̀pọ̀ fóònù kò lè mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ fẹ́ kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá wá gbé fóònù lé aago lórí bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, bàìbàì ló máa jáde, kódà kí wọ́n ra fóònù náà ní mílíọ̀nù náírà.

Lóòótọ́, àwọn fóònù kan wà tí wọ́n dìídì ṣe é sí. iPhone 13 Pro tó jáde ní 2021 lè fi lẹ́ǹsì rẹ̀ tó ń rí àyíká tó fẹ̀ ya ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ó dáa, àmọ́ aago ọwọ́ kì í ṣe kòkòrò. Ẹ sún sẹ́yìn dé bíi ìdajì rúlà, sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, ẹ yà á, kí ẹ wá gé etí fọ́tò náà dànù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Fọ́tò megapixel 12 ní àmì tín-tìn-tín bíi 4,000 ní ìhà kan àti 3,000 ní ìhà kejì. Bí ẹ bá gé ìhà méjèèjì ku ìdajì, 2,000 lọ́nà 1,500 ló kù, ìyẹn mílíọ̀nù 3. Káḿẹ́rà kékeré tí wọ́n ń pè ní "macro" lára ọ̀pọ̀ fóònù owó pọ́ọ́kú, megapixel 2 péré ni. Ṣé ẹ rí i? Àjẹkù káḿẹ́rà ńlá yín ṣì ju èyí tí wọ́n fi polówó fóònù náà lọ.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kí ẹ sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá ya sélífì nítòsí jù, imú yín á wú bíi tòmátì. Ohun kan náà ló ń ṣe aago: àárín rẹ̀ á yọ síta, etí rẹ̀ á sì kéré. Ìdajì rúlà yẹn máa ń dín in kù. Bí fóònù yín bá sì ní lẹ́ǹsì kejì tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ẹ lò ó láti ọ̀ọ́kán. Àmọ́ fífi ìka méjì fẹ ojú fóònù lásán kò fi nǹkan kan kún fọ́tò; gígé ni fóònù ń bá yín gé e.

Ẹ fi ìka tẹ orúkọ tó wà lójú aago kí fóònù lè mọ ibi tí yóò mú. Bí nǹkan bá ti sún mọ́ lẹ́ǹsì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń mú kedere, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣú. Torí náà ẹ jẹ́ kí ojú aago àti ojú fóònù kọjú síra gbọnrangandan. Ẹ gbé fóònù lé orí agolo mílíìkì méjì, ẹ ṣètò kó ka sẹ́kọ́ńdì 2 tàbí 3 kó tó yà. Ọwọ́ gbogbo wa ló ń gbọ̀n, àmọ́ agolo kì í gbọ̀n.

Ohun tí gíláàsì ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀

Ibi tí fọ́tò aago ti sábà máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan gíláàsì lásán ní tààrà, nǹkan bíi ìdá 4 nínú 100 á ta padà ní ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Sáfáyà tí wọ́n ń lò fún gíláàsì aago olówó ńlá tún burú jù bẹ́ẹ̀, bíi ìdá 7 sí 8, àfi tí wọ́n bá fi nǹkan kùn ún. Ẹ lè sọ pé kí ni ìdá 4? Tí ìdá 4 yẹn bá jẹ́ ti ojú ọ̀run ọ̀sán Ore, tí ojú aago náà sì dúdú, ojú ọ̀run lẹ máa rí, ẹ ò ní rí aago.

Bí bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ ògiri ṣe ń padà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń padà: ìdagun tó bá wá ló máa bá lọ. Ibn al-Haytham, onímọ̀ tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bíi 965, fi ìdánwò yẹ òfin yìí wò nínú ìwé ńlá tó kọ lórí ìmọ́lẹ̀ àti ojú. Òfin kan ṣoṣo yìí tó láti dá fọ́tò yín nídè. Fíláàṣì fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì gan-an, torí náà bó bá ṣe lọ ló máa ń padà wọ inú lẹ́ǹsì. Ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kó lè ta gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Irú ìmọ́lẹ̀ wo ló wá dáa? Èyí tó fẹ̀ tó sì rọ̀. Oòrùn tààrà àti tọ́ọ̀ṣì máa ń fi àmì funfun kan wìn-ìn sójú irin. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ò ti wọlé tààrà, tàbí fèrèsé tí ẹ ta ọ̀rá funfun sí, á tan ìmọ́lẹ̀ ká ara aago bí ẹni da òróró sórí rẹ̀. Irin aago dà bíi dígí ni. Ohun tó bá wà láyìíká ló ń gbé wọ̀. Ẹ fi pépà funfun ti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, irin á tàn. Ẹ wọ ẹ̀wù dúdú tàbí kí ẹ na aṣọ dúdú sẹ́yìn fóònù, òjìji yín á kúrò lójú gíláàsì. Pépà, ọ̀rá àti aṣọ dúdú, èló ni gbogbo rẹ̀?

Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ fẹ́ yà á, ẹ kíyè sí gílóòbù. Iná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí náà àwọn gílóòbù kan ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì náà. Ojú wa ò rí i, àmọ́ káḿẹ́rà lè rí i, òun ló ń fa ìlà dúdú tó ń gba orí fọ́tò kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í ṣẹ́jú.

Ẹ má tíì nu aago náà o! Nínú eruku ọyẹ́ àti eruku títì, yanrìn wà níbẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle tí àwọn onímọ̀ òkúta ń lò, yanrìn wà ní 7, gíláàsì lásán wà ní nǹkan bíi 5.5, sáfáyà wà ní 9. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì lásán tó ní yanrìn lórí, ẹ ti fa ìlà sí i lára nìyẹn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò ná, kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

Aago tó ń rẹ́rìn-ín

Ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé nínú ìpolówó, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni aago sábà máa ń jẹ́? Ọwọ́ aago méjèèjì á gbéra sókè, wọn ò ní bo orúkọ tó wà lókè ojú aago. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Frontiers in Psychology, pé aago tó wà ní ipò yẹn máa ń jọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lójú àwọn tó wò ó, inú wọn sì ń dùn sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi fídíò kúkurú tì í lẹ́yìn, kí oníbàárà lè rí i pé aago náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ́díìtì tó jẹ́ ìmọ́tótó àtèyí tó jẹ́ irọ́

Àpù ọ̀fẹ́ bíi Snapseed ti tó. Ẹ gé e. Ẹ tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe kí funfun lè jẹ́ funfun, torí gílóòbù pupa rúsúrúsú lè sọ fàdákà di wúrà lójú oníbàárà. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kó mú sí i díẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀.

Àpù yẹn ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Healing, tó ń nu àmì kúrò. Eruku tó wà lórí tábìlì, ẹ nù ún. Àpá tó wà lórí gíláàsì, ẹ fi sílẹ̀! Lọ́dún tó kọjá, mo ra aago àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú fọ́tò, ojú rẹ̀ ń dán bí omi àfọ̀wọ́n. Ìgbà tó dé Ore, ìlà kan gba àárín gíláàsì rẹ̀ kọjá láti 2 dé 7. Kò sí bí káḿẹ́rà ò ṣe ní rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Aago náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, n bá sì ti rà á kódà kó fi àpá náà hàn mí, ní iye tó bá a mu. Àmọ́ n ò ní rà nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láé.

Ti AI tilẹ̀ tún le. Àwọn àpù tó ń sọ fọ́tò tó ṣú di kedere kì í rí ohun tí káḿẹ́rà ò rí. Wọ́n ń méfò ni. Wọ́n lè fi lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀ rí kọ ọ́ sójú aago, kí ojúlówó wá jọ ayédèrú. Òfin pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ yìí: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 ní kí ẹni tó ń ta àlòkù jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé àlòkù ni, ó sì ka títan oníbàárà jẹ léèwọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Bí mo bá fi àpá hàn, ta ló máa rà á? Gbogbo ayé ló ń lo fílítà." Mi ò bá wọn jiyàn pé ọjà le. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀. Aago tí oníbàárà dá padà, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ, ọjọ́ ọjà ló jẹ, ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì sì tún wà níbẹ̀. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Bó pẹ́ bó yá, ẹni tó rà á á rí i. Ẹni tó ti rí àpá nínú fọ́tò kó tó sanwó kò ní nǹkan kan láti bá yín jà sí. Ẹ ya àpá náà lọ́tọ̀, kedere, kí ẹ fi iye rẹ̀ sí i. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí oníbàárà gba ìyókù gbọ́.

Antonie van Leeuwenhoek, tí wọ́n bí ní 1632 ní Delft ní Netherlands, oníṣòwò aṣọ ni. Àwọn aláṣọ ìgbà náà máa ń fi awò wo òwú bóyá ó dáa. Òun wá ń ṣe awò kéékèèké fúnra rẹ̀, èyí tó lágbára jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù ń sọ nǹkan di ńlá nígbà bíi 270, òun ló sì fi rí àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín inú omi tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ọlọ́jà bíi tiwa ni. Kí ó lè rí ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa ló ṣe ń wò ó nítòsí, kì í ṣe kí ó lè bò ó.

Bí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ má jẹ́ kí Wọ́sáàpù fún fọ́tò náà pa. Láti 2023 ni wọ́n ti fi HD síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document.

Kí ẹ tó yáwó ra fóònù, ẹ dán èyí wò lọ́la ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ ya aago kan nítòsí pẹ̀lú fíláàṣì. Ẹ tún ya aago yẹn kan náà lẹ́nu ọ̀nà, ìdajì rúlà sí i, pépà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi méjèèjì han ìyá yín láìsọ èwo ni èwo, kí ẹ béèrè èyí tó máa sanwó fún.