Ẹ̀yin Míṣọ́nnárì Tó Wálé, Ẹ Má Ta Àwọn Tó Gbà Yín Lálejò Lọ́pọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ọ̀nà ọ̀fun wa, a ò sì lè gbé e mì.

Ní sáà tó kọjá, tọkọtaya míṣọ́nnárì kan wá kí ẹgbẹ́ àdúrà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń lọ nínú ọgbà. Orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n wálé fún ìsinmi oṣù mẹ́ta. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn wá lára ògiri: ọmọdé tí ikun ń dà nímú rẹ̀, ìyá àgbà kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, ọkùnrin kan tó forí balẹ̀. "Ẹ wo inú òkùnkùn tí wọ́n wà," ló ń wí. Àwọn èèyàn ń mí kanlẹ̀, àwọn kan ń nu ojú, agbọ̀n ọrẹ sì ń lọ láti ìlà kan dé ìkejì.

Ọ̀rẹ́ wa kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìlú ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnubodè yẹn, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì fi tọ́ ọ. Òun kò sunkún. Ó dìde, ó jáde. Nígbà tí mo bá a níta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé wọ́n sọ fún ìyá àgbà yẹn pé àwọn máa gbé àwòrán rẹ̀ wá síbí?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jiyàn lórí rẹ̀, ohun tí a bá bọ̀ nínú àríyànjiyàn náà ni a kọ sílẹ̀ yìí: ìròyìn tí míṣọ́nnárì kò lè jẹ́ níwájú àwọn tó ń ròyìn wọn, kò yẹ kó jẹ́ ẹ lẹ́yìn wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. Ọmọ ìjọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń kọ èyí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò lè bú ẹni tó gbin igi tí a ń jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1843, iṣẹ́ ìyìn rere ló bí i. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí T. J. Bowen kọ, ẹ̀yìn ìgbà tó kúrò nílẹ̀ wa padà sí Amẹ́ríkà ni Smithsonian tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ọdún 1858. Àwa gan-an ni a wà nínú ìròyìn wọn nígbà náà. Nítorí náà, a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n ń ròyìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀bi sí ibi tó yẹ. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì kì í gba owó oṣù bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn ọ̀rẹ́, ìbátan àti ìjọ ló máa ń ṣèlérí iye tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọn kò bá rí ojú ẹni náà fún ọdún méjì, ọ̀pọ̀ á gbàgbé ìlérí. Bí ó bá wá délé, ìsinmi di ìrìnkèrindò. Lọ́jọ́ Àìkú, ó wà ní Èkó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wà ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti dé Ìlọrin. Àjọ aláàánú tó ń fún un ní oògùn àti ìwé fẹ́ ìròyìn, wọ́n sì fẹ́ àwòrán. Dókítà ń retí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí kò tíì fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ méjì péré ni ìyá yóò sì rí gbà nínú oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ibi tó bá dé, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹni mélòó lẹ ti jèrè?" Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n sì ń bi ní iye, yóò wá iye. Ẹni tó rí i pé omijé ló ń ṣí àpò, yóò wá omijé. Àwa tí à ń jókòó gbọ́ ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Àwọn tó gbà ọ́ sílé, tí wọ́n fún ọ lómi, tí wọ́n kọ́ ọ ní èdè wọn, ará ilé rẹ ni wọ́n. Bí o bá ti tà wọ́n lọ́pọ̀ fún wa níbí, ojú wo ni a ó fi wò wọ́n lọ́la tí wọ́n bá wá ṣe ọjà tàbí wá ilé gbé láàárín wa?

Ẹ wo ohun tí ìròyìn lè ṣe. Ní ọdún 1848, Henry Townsend tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Abẹ́òkúta lọ sí ilé rẹ̀ ní England. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Òkúkẹ́nù tó jẹ́ Ṣàgbúà àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá fi lẹ́tà rán an sí Ọbabìnrin Victoria. Wọ́n dúpẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ti òwò àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kó ṣí. Èsì dé: Bíbélì méjì, ọ̀kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní èdè Lárúbáwá, pẹ̀lú ọlọ irin tí ọkọ ọbabìnrin fi ránṣẹ́. Ohun yòówù tí a bá rò nípa òṣèlú ìgbà náà, àwọn Ẹ̀gbá fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Míṣọ́nnárì jẹ́ ìránṣẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbé wọn kalẹ̀ bí ẹran ìsọ̀.

Ní ọdún 1851, Crowther náà wà ní England, ó bá ọbabìnrin àti àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Nígbà tó fi di 1861, Èkó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. A kò sọ pé ìròyìn míṣọ́nnárì nìkan ló fà á. Òwò àti agbára wà nínú rẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí a sọ nílé olówó nípa ìlú tí kò sí níbẹ̀ kì í parí sí ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́.

Bowen ńkọ́? Ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1853 láti wá àwọn tí yóò bá a padà wá, ó sì mú ìyàwó àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn bọ̀. Àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà gúúsù ló rán an. Ọdún 1845 ni wọ́n dá àjọ wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jà pẹ̀lú àwọn ará àríwá lórí bóyá ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Nítorí náà, nínú àwọn ìjọ tó ń dáwó kí ìyìn rere lè dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ní ọmọ Adúláwọ̀ lẹ́rú nínú oko wọn. Wọ́n lè káàánú ẹni tó wà lókèèrè, kí wọ́n sì máa na ẹni tó wà nílé wọn. Àánú tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú nìyẹn.

Àwọn tí ìròyìn máa ń fò dá sì wà. Nígbà tí David àti Anna Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1869, Daniel Olúbí ló gba iṣẹ́ ìjọ náà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Bí míṣọ́nnárì bá wà nílé lónìí, ta ló ń bójú tó ilé ìwòsàn kékeré yẹn? Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé? Ẹnìkan ọmọ ibẹ̀ ni. Kí ló dé tí a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bí a kò bá fi ìyà hàn, ta ni yóò dáwó?" Ìbéèrè gidi ni. Ìyà wà, a kò ní kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Bí kànga bá gbẹ, kí wọ́n sọ pé kànga gbẹ, kí wọ́n sọ iye tí títún un gbẹ́ yóò jẹ àti iye tí àwọn ará ìlú ti dá. Ìyẹn ni ìròyìn tí à ń jẹ́ fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá jẹ́ pé ojú ọmọ tó ń sunkún nìkan ló lè mú un dáwó, ìgbà tí ojú náà bá ti sú u ni yóò dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin míṣọ́nnárì, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ ya, kí ẹ sì sọ ibi tí àwòrán rẹ̀ ń lọ. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni kí n bá yín sọ fún àwọn ará ilé mi?" Ẹ dárúkọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú ẹgbẹ́ àdúrà gbogbo, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí ìyá wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ fi ìlérí yín ránṣẹ́ lóṣooṣù láìjẹ́ pé wọ́n wá fi ojú gbà á. Ẹ sì yé béèrè iye. Ẹ béèrè oúnjẹ, ẹ béèrè ìkíni, ẹ béèrè òwe. Àwa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ pé ẹni tó ti gbọ́ òwe ìlú kan kò ní lè pe ìlú náà ní òkùnkùn mọ́.

Mo padà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ètò ti parí, ìyàwó míṣọ́nnárì náà nìkan jókòó sẹ́yìn, ó ń tòògbé. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan láti àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Mà, ìyá àgbà inú àwòrán yẹn, kí lorúkọ wọn?" Ojú rẹ̀ là. Ó dárúkọ ìyá náà. Ó ní òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ro tùwó. Ó ní nígbà tí ibà dá òun dùbúlẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyá náà fi pọn ọmọ òun. Ó ní nígbà tí àwọn ń bọ̀, ó di ẹ̀pà sínú aṣọ fún àwọn, ó ní, "Ẹ bá mi kí ìyá yín."

Ẹ̀pà yẹn kò sí nínú àwòrán kankan. Ìkíni yẹn kò dé orí pẹpẹ. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà la jẹ ìyá yẹn ní èsì, a kò sì mọ̀ pé ó kí wa.