"Ẹ Ní Kí N Nù Ún": Àríyànjiyàn Lórí Fífọ Ọkọ̀ Láìfi Omi Ṣan Án ní Accra

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kan àwa olùkọ́ èdè nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ẹ̀sùn kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń fọ ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó bá rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ojú ìwé tí a ti ń jiyàn lórí gírámà àti lítíréṣọ̀, kí ó jọ̀wọ́ ní sùúrù fún mi títí dé ìdajì ọ̀nà. Bí kò bá tíì rí ìdí tí mo fi mú un wá nígbà náà, kí ó ṣí ìwé sí àpilẹ̀kọ tí ó kàn.

Accra ni mo ń gbé, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní New Town, tí àwọn àgbà ṣì rántí pé Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àní lẹ́yìn àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù Bélú ọdún 1969, èyí tí ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa kúrò ní Ghana, a ṣì ń gbọ́ Yorùbá ní àwọn agboolé ibẹ̀. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Èrèlè, ọyẹ́ a máa gbé eruku wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Kí ilẹ̀ tó mọ́, eruku ti bo gbogbo ọkọ̀. Àwọn ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí a sì tún fi eruku pupa tiwọn kún un.

Kí ni a ó fi fọ̀ ọ́? Omi ẹ̀rọ Accra ń wá láti Kpong lórí odò Volta, àti láti Weija lórí odò Densu. Ní ọdún 2015, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ní Teshie kí àwọn ará ìlú lè rí omi lò. Síbẹ̀, omi kì í dé ojúlé gbogbo lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí pọ́lítáǹkì fi wà lẹ́yìn ilé ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, tí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè onílítà 25 sì fi gba orúkọ ààrẹ. Ìgbà tí John Kufuor wà lórí àlééfà, láti 2001 sí 2009, ni àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní gálọ́ọ̀nù Kufuor nítorí wàhálà omi. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Bí rọ́bà omi bá ń tú lítà 15 jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a fi fọ ọkọ̀ kan ti gba gálọ́ọ̀nù Kufuor mẹ́fà. Gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń bá lọ, pẹ̀lú ọṣẹ àti epo, tí yóò gba odò Odaw dé ọ̀sà Korle. Ní Cape Town, nígbà ọ̀dá ọdún 2017 àti 2018, ìjọba ìlú fòfin de fífi omi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè fọ ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú omi lítà 10, tí a kò ní fi omi mìíràn ṣan án. Mo fara mọ́ ọn, mo sì ń gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí mo ṣe fi ba ọkọ̀ ara mi jẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo ra ike oògùn ìfọkọ̀ irú èyí. Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kà á, ó yé mi. Mo pe ọmọkùnrin kan ní agboolé wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó máa ń bá mi fọ ọkọ̀, mo po oògùn náà mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ fún un pé: "Má fi omi ṣan án o. Ṣáà fi eléyìí nù ún." Mo wọlé, mo lọ máa ka ìwé mi. Nígbà tí oòrùn mú, mo jáde, mo rí i pé ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúdú mi ti di ìlà wẹ́wẹ́ tí ó ń yí po bí òwú aláǹtakùn. Mo pariwo mọ́ ọmọ náà. Mo ní n kò ní san kọ́bọ̀ fún un. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ní kí n nù ún, mo sì nù ún."

Ó jàre mi. Kí ni à ń pè ní nínù? Ẹni tí ó ń nu tábìlì a máa mú àkísà kan, a máa fi í lọ, a máa fi í bọ̀, a sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ìdọ̀tí bá ti le, títí ojú tábìlì yóò fi dán. Ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an nìyẹn. Aṣọ kan ṣoṣo ni ó lò, ó sì ń rì í padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Bẹ́ẹ̀, ojú ọkọ̀ kì í ṣe ojú tábìlì. Lórí ọ̀dà aláwọ̀ ni wọ́n fín ọ̀dà mìíràn lé, èyí tí kò ní àwọ̀, tí ó ń mú kí ọkọ̀ máa dán. Kì í sábà nípọn ju 50 máíkírónì lọ. Fọ́nrán irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Egunrín yanrìn sì ń bẹ nínú eruku, irú yanrìn tí ó le tó láti ha gíláàsì.

Níhìn-ín ni àṣìṣe àwọn tí ń bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà yìí wà. Wọ́n gbà pé omi púpọ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà ha. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ni ó ń dáàbò bo ọ̀dà: kí ohun tí ń yọ̀ wà láàárín yanrìn àti ojú ọkọ̀, kí yanrìn tí aṣọ bá sì ti gbé kúrò má padà síbẹ̀ mọ́. Èròjà pólímà inú oògùn náà a máa bo egunrín yanrìn, a sì máa mú kí ojú ọ̀dà yọ̀. Ìyókù di ọwọ́ ẹni tí ó mú aṣọ dání. Bí aṣọ bá ti kún fún yanrìn tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, kò yàtọ̀ sí pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta oògùn yìí tí ó ń búra pé kò lè ha ọ̀dà láéláé, irọ́ ló ń pa. Oògùn kò ní ọwọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ó yẹ kí ọmọ náà lo orí. Wọn yóò rán mi létí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. N kò gbà. Ẹni tí iṣẹ́ náà yé ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹni tí kò ka ara ike, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún pé yanrìn inú aṣọ ni ọ̀tá, ọgbọ́n wo ni yóò fi tún iṣẹ́ náà jẹ́? Èmi tí mo ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́ ni mo fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn ní wọ́ṣìn-bèè ẹ̀bá títì nìkan ni ó mọ ọkọ̀ fọ̀. Mo gbà pé omi tí pọ́ńpù ń tì jáde a máa ṣí yanrìn kúrò kí ọwọ́ tó kan ọkọ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀: kànìnkànìn kan náà, tí ó ti fọ táyà ọkọ̀ àkọ́kọ́, ni wọn yóò gbé lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kẹta. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwa tí a ń fi aṣọ gbígbẹ gbọn eruku lára ọkọ̀ láràárọ̀ kí a tó lọ síbi iṣẹ́. Kò sí omi, kò sí oògùn, yanrìn àti ọ̀dà nìkan ni wọ́n jọ ń wọ̀yá ìjà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe fáàrí lásán. Ẹ rántí awakọ̀ takisí tí ó gba ọkọ̀ lọ́nà tí àwọn ará Ghana ń pè ní wọ́ọ̀kì-áńdì-pè, tí ó ń san owó ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Ojú ọkọ̀ yẹn wà lára ohun tí ó ń fi òógùn rẹ̀ rà.

Mo padà sí ẹ̀sùn mi. Ní ọdún 1984 àti 1990 ni apá kìíní àti apá kejì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, lábẹ́ àbójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Iṣẹ́ ńlá ni, àwa olùkọ́ ni a sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ni àwa tí a bọ́ sí i ṣe lẹ́yìn ẹ̀? A mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà gbólóhùn, a kò sì lè ka ara ike fún ọmọ tí ó ń bá wa fọ ọkọ̀. A ó ní èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyẹn. Èdè wo? A ń wẹ ọmọ, a ń fọ aṣọ, a ń bọ́jú, a ń ṣanwọ́, a ń nu tábìlì, a ń gbọn eruku. Èdè tí ó ya gbogbo ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ kò tòṣì. Àwa ni a kó gbogbo wọn dànù, tí a di nù mú.

Ní tèmi, ìfọ̀-àìṣan ni mo ń pe ọ̀nà náà. (Kí atẹ̀wé jọ̀wọ́ má gbàgbé àmì abẹ́ ṣ àti ohùn tí ó tẹ̀ lé e, bí ó bá sọ ọ́ di àìsàn, ilé ìwòsàn ni òǹkàwé yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.) Bí orúkọ tí ó sàn jù ú lọ bá wà, ẹ mú un wá, n kò ní jà fún tèmi.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí mo ti san owó ọmọ náà tí mo sì ti bẹ̀ ẹ́, a tún un ṣe. Mo ní: "Lónìí, o kò ní nu nǹkan kan títí n ó fi sọ bẹ́ẹ̀." A gbé ọkọ̀ sí ibòji, a dúró títí irin rẹ̀ fi tutù. Ìwọ̀n kan sí 256 ni ike tiwa wí, nítorí náà mílílítà 40 péré ni a pò mọ́ omi lítà 10. A rẹ aṣọ máíkírófáíbà mẹ́jọ sínú rẹ̀. A kọ́kọ́ fín omi náà sí ara òrùlé ọkọ̀, kí eruku lè rọ̀. Ó mú aṣọ kan, ó fún un díẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin kí ó lè ní ojú mẹ́jọ. Mo ní kí ó gbé eruku náà: kí ó fa aṣọ lọ tààrà, láìtẹ̀ ẹ́, láìyí i po, kí ó sì ṣí ojú mìíràn lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí ojú rẹ̀ bá tán kò gbọdọ̀ padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó bá já sílẹ̀ ti kúrò nínú iṣẹ́. Òrùlé ni a ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà gíláàsì àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni a fi parí, táyà sì ní aṣọ tirẹ̀. Bí apá kan bá ti mọ́, mo fún un ní aṣọ gbígbẹ kan tí ó fẹ̀, tí ó sì rọ̀, mo ní: "Ó yá, nù ún." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó dé àyè rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀nà yìí wúlò. Lẹ́yìn òjò oṣù Òkúdu, tí ẹrẹ̀ bá gbẹ mọ́ ara ilẹ̀kùn, omi ni kí a kọ́kọ́ dà sí i títí yóò fi ṣí. Ẹni tí ó bá gbé aṣọ lé irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá ìlà ni.

Ọmọ náà ti ń fọ ọkọ̀ mẹ́ta báyìí ní agboolé wa ní ọjọ́ Sátidé, kò sì sí èyí tí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ju lítà 10 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé mi pé: "Má tíì nù ún. Gbé e ná." Àwọn ìlà ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì mi ṣì wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, mo máa ń rí wọn.